Nígbà Tí Nǹkan Oṣù Kò Bá Mọ Ọjọ́ Rẹ̀ Mọ́

Nǹkan oṣù kì í ṣàdédé dá lára obìnrin. Ó máa ń kọ́kọ́ ṣi ọjọ́ ni. Èyí tó ti ń dé ní ọjọ́ 28 láti ìgbà ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ọjọ́ 23. Oṣù mìíràn á wọlé, á sì jáde, kò ní yọjú. Nígbà tó bá tún padà dé, ó lè kán díẹ̀ kó sì lọ, ó sì lè ya fún ọ̀sẹ̀ kan tọ̀sán tòru. Àwọn ọdún tí nǹkan oṣù fi ń ṣe ségesège báyìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní àkókò ìyípadà tó ṣáájú ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ó máa ń gbà tó ọdún 4. Lára àwọn mìíràn ó lè tó ọdún 8. Ọjọ́ tí obìnrin bá pé oṣù 12 gbáko láìrí ẹ̀jẹ̀ kankan, tí kò lóyún, tí kò fún ọmọ lọ́yàn, tí kò sì lo oògùn tó ń dá nǹkan oṣù dúró, ọjọ́ yẹn ni a tó lè sọ pé nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá. Ẹ̀yìn la ti ń kà á, torí kò sí obìnrin tó lè mọ̀ pé èyí tí òun ń ṣe lọ́wọ́ ni ìkẹyìn.

Ìwádìí tí Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1990 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà gbé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù ń dá sí nǹkan bí ọdún 48. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí ọdún 51 ni. Àárín 45 sí 55 ló wọ́pọ̀ jù. Bí ó bá dá kí obìnrin tó pé 40, ó ti yá jù, ó sì yẹ kí dókítà wá ìdí rẹ̀. Bí a bá wá yọ ọdún ìyípadà kúrò nínú 48, a ó rí i pé obìnrin ẹni ọdún 42 tàbí 43 lè ti bọ́ sínú rẹ̀ láìfura. Ọjọ́ orí yìí gan-an ni ẹrù ayé máa ń pọ̀ lọ́rùn obìnrin jù: ọmọ kan ń múra ìdánwò àṣekágbá girama, òmíràn ti wọ yunifásítì, iṣẹ́ ń lọ, àwọn òbí sì ti ń darúgbó.

Ilé ẹyin, ìyẹn ẹ̀yà kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹyin tí obìnrin máa ní láyé ló ti bá a wáyé. Nígbà tí wọ́n bí i, wọ́n tó mílíọ̀nù 1 sí 2. Kó tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, wọ́n ti dín kù sí nǹkan bí 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo wọn, bí 400 péré ni yóò gbó tí yóò sì jáde. Ìyókù ń kú díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Bí obìnrin bá ti ń lé ní 40, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù kì í tètè dáhùn mọ́. Ọpọlọ ló ń fi họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní FSH ránṣẹ́ sí ilé ẹyin pé kó mú ẹyin gbó. Bí ilé ẹyin kò bá dáhùn, ọpọlọ á fi kún họ́mónù náà. Nígbà mìíràn ìdáhùn á wá yá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹyin á tètè gbó, nǹkan oṣù á sì dé ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹyin kankan kò ní jáde.

Oṣù tí ẹyin kò jáde yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nígbà tí ara ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, họ́mónù méjì ló ń bójú tó awọ inú ilé ọmọ. Estrogen ń mú kí awọ náà nípọn. Lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, progesterone á dé, á mú un dúró ṣinṣin de oyún. Bí oyún kò bá dé, progesterone á lọ sílẹ̀, gbogbo awọ náà á wó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ á wá fún bí ọjọ́ 4 tàbí 5, á sì dá. Ṣùgbọ́n bí ẹyin kò bá jáde, progesterone kò ní sí. Estrogen nìkan ni yóò máa mọ awọ lórí awọ, bí ìgbà tí bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn láìfi sìmẹ́ńtì sí i: ó ń ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìhín á ya lulẹ̀ lónìí, ọ̀hún á ya lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi lè máa kán fún ọjọ́ 10 lẹ́yìn oṣù méjì tí kò sí nǹkan kan, tó sì fi lè wá ya lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé estrogen ti ń gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ àkókò yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ńṣe ló ń lọ sókè sódò, ó sì lè ga ju ti ìgbà ọ̀dọ́ lọ nínú oṣù kan. Nítorí èyí, àyẹ̀wò họ́mónù tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà wúlò fún obìnrin tó ti lé ní 45, torí èsì òní lè má jọ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ rárá. Owó tí wọ́n ń gbà lórí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní Èkó kò kéré. Ó tọ́ kí obìnrin béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kí ni èsì náà máa yí padà nínú ìtọ́jú òun, kó tó sanwó.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn pàdé ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ní 2001, wọ́n sì tún pàdé ní Seattle ní 2011, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí a ṣe lè mọ ibi tí obìnrin dé nínú ìyípadà yìí. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù. Wọ́n ní bí iye ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù kan sí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì bá ń fi ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ti oṣù tó tẹ̀ lé e, tí kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, obìnrin náà ti wọ ìpele àkọ́kọ́. Bí ó bá ti ń lò tó ọjọ́ 60 láìrí nǹkan oṣù, ó ti bọ́ sí ìpele kejì, ó sì sábà máa ń ku ọdún 1 sí 3 kí ó tó dá pátápátá.

Ìwé ìkọ̀wé kékeré kan tó fún obìnrin láti tọ́jú èyí. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó dá, iye páàdì tó lò lójúmọ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú rẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ yọ láàárín oṣù tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀: gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìlà kan lọ lójúmọ́. Àwọn tó bá fẹ́ lè lo fóònù. Dókítà tó bá rí àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà níwájú rẹ̀ yóò mọ ohun tí wákàtí kan ìbéèrè kò lè fi yé e, torí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dí kì í rántí ọjọ́ tí ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ sì ń dí wọn lóòótọ́. Ẹ wo obìnrin tó ń gbé ní Thomas Estate ní Ajah, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Victoria Island. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti jáde, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, páàdì méjì ló máa fi lé ara wọn, yẹ̀rì dúdú ló máa wọ̀, á ká aṣọ inura sórí ìjókòó mọ́tò, á sì di páàdì mẹ́rin àti pátá kan sínú ọ̀rá dúdú nínú báàgì. Bí mọ́tò bá dúró lójú kan fún wákàtí kan, kò sí ibi tó lè yà sí. Bó bá dé ọ́fíìsì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wọ danfo kò tilẹ̀ ní ìjókòó tirẹ̀ tó lè tẹ́ aṣọ sí, ńṣe ni yóò máa ronú ohun tí àwọn èèyàn máa rí bí òun bá dìde. Obìnrin tó ń jẹ irú ìyà yìí lóṣooṣù kò gbọ́dọ̀ gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí nǹkan oṣù ṣi ọjọ́ ní ìgbà yìí kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ ya débi tí kò jẹ́ kí èèyàn rí iṣẹ́ òòjọ́ ṣe kì í ṣe ara ọjọ́ orí. Àárín méjèèjì yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé, nígbà tí ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò bá ní, “Mọ́mì, ẹ má da ara yín láàmú, àgbà ló ń dé.”

Àwọn àmì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ di ẹrù wọn lé àgbà lórí. Bí páàdì kan bá ń kún láàárín wákàtí kan, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan léraléra, ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí obìnrin bá ní láti jí lóru láti pààrọ̀ páàdì, tàbí tó ń rí ẹ̀jẹ̀ dídì tó fẹ̀ ju owó ẹyọ náírà lọ, ó ti pọ̀ jù. Kí ẹ̀jẹ̀ gùn ju ọjọ́ 7 tàbí 8 lọ lóṣooṣù, kí ó máa padà dé kí ọjọ́ 21 tó pé, kí ó máa yọ láàárín oṣù, tàbí kí ó yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ló yẹ kí obìnrin gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ya, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tàbí tó dákú, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kì í ṣe lọ́la.

Ohun tó ń ṣeni ní jàǹbá jù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ya yìí ni àìtó ẹ̀jẹ̀, nítorí pé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń wọlé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ń kó irin ara lọ, irin yìí sì ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí oṣù bá ń gorí oṣù, obìnrin á rí i pé òun ń mí hẹlẹhẹlẹ bí òun bá gun àtẹ̀gùn, pé orí ń fọ́ òun, pé ó ń rẹ òun láti òwúrọ̀. Ní Èkó, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Ó lè gba abẹ́rẹ́ ibà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó ní kó lọ ṣe PCV, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára. Àyẹ̀wò PCV kò wọ́n, ó sì wà ní lábọ́ tó kéré jù. Láàárín 36 sí 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó sábà máa ń wà. Bó bá ti bọ́ sí 30 tàbí 27, kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń bá a jà mọ́. Ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń fún ara ní irin, ọsàn sì ń jẹ́ kí ara tètè gbà á. Tíì tí èèyàn bá mu pẹ̀lú oúnjẹ máa ń dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí PCV rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an kò lè fi oúnjẹ nìkan gbé e padà sókè. Oògùn irin ni yóò lò fún oṣù bíi mélòó kan, títí dé lẹ́yìn ìgbà tí èsì bá ti dára, kí ara lè tọ́jú díẹ̀ pa mọ́.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń da nǹkan oṣù rú. Ní 2011, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin lágbàáyé, FIGO, to àwọn ohun tó ń fà á lẹ́sẹẹsẹ. Apá kan nínú wọn ni èyí tí a lè fojú rí nínú síkáànì tàbí nínú àyẹ̀wò awọ ní lábọ́: ẹran kékeré tó hù nínú ilé ọmọ, awọ ilé ọmọ tó wọ inú iṣan rẹ̀, kókó tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ìdì, àti jẹjẹrẹ pẹ̀lú ohun tó ń ṣáájú rẹ̀. Apá kejì kì í hàn nínú síkáànì: ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì bó ṣe yẹ, ẹyin tí kì í jáde, àìsàn inú awọ ilé ọmọ, àti oògùn tí èèyàn ń lò.

Nínú gbogbo rẹ̀, fáíbírọ́ìdì ló súnmọ́ obìnrin dúdú jù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 rí i pé kí obìnrin tó pé 50, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin dúdú tó ti ní kókó yìí nínú ilé ọmọ. Ti àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun sún mọ́ 70. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mọ̀ pé ó wà, nítorí kì í ṣe gbogbo fáíbírọ́ìdì ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá yọrí sínú ihò ilé ọmọ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya jù, bó tilẹ̀ kéré, nígbà tí èyí tó tóbi bí àgbọn ṣùgbọ́n tó wà ní ẹ̀yìn ilé ọmọ lè má fa ẹ̀jẹ̀ rárá. Ìgbà ìyípadà ni estrogen ń lọ sókè sódò, ó sì lè bọ́ kókó náà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù bá ti dá, ọ̀pọ̀ fáíbírọ́ìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè sọ fún obìnrin ẹni ọdún 49 pé kó jẹ́ kí àwọn fi oògùn dá ẹ̀jẹ̀ dúró ná, dípò tí wọ́n á fi sáré gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Oyún náà ṣì lè wà. Ẹyin ṣì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, obìnrin ẹni ọdún 46 tó rò pé òun ti kọjá ọmọ bíbí sì lè rí i pé oyún ni òun ní, tàbí pé oyún náà ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń wá. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹni tí kò tíì pé 50 máa bá ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ títí ọdún 2 lẹ́yìn nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó ti lé ní 50, ọdún 1 tó. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí fúnra rẹ̀ sì ń yí ẹ̀jẹ̀ padà: abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lè dá a dúró tàbí kó jẹ́ kó máa kán, ọ̀pá ìfètò tí wọ́n fi sábẹ́ awọ apá lè ṣe bákan náà, kọ́pà tí wọ́n fi sínú ilé ọmọ lè mú kó pọ̀ sí i. Àìsàn ẹ̀yà inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní táíróìdì, àti àwọn oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, wà nínú ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ bi léèrè.

Nǹkan oṣù nìkan kọ́ ló ń yí padà. Ìwádìí tí Funmilola OlaOlorun àti Taiwo Lawoyin tẹ̀ jáde ní 2009 lórí àwọn obìnrin ẹni ọdún 40 sí 60 ní Ìbàdàn fi hàn pé ara ríro àti oríkèé dídùn ni wọ́n mẹ́nu bà jù nínú àwọn àmì àkókò yìí. Ooru ara tó ń dé lójijì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣáájú. Obìnrin wa tó ń retí ooru ara tí wọ́n ń sọ nínú ìwé òyìnbó lè má mọ̀ pé eékún tó ń dùn ún àti nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège lè wá láti orísun kan náà.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àlàyé mìíràn ló wà nílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀. Àwọn kan gbà pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ya jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí tó ti pẹ́ nínú, pé ó yẹ kí ó jáde tán. Kò sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ń kó pamọ́ sí nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú iṣan obìnrin náà, èyí tó fi ń rìn, tó fi ń mí. Àwọn mìíràn ń ra àgbo. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò àgbo kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ṣe sí ẹ̀dọ̀ tàbí sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí obìnrin náà ń lò tẹ́lẹ̀. Jàǹbá mìíràn ni Primolut tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Oògùn gidi ni. Norethisterone tó wà nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi progesterone, ó sì lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà: obìnrin tó ń lò ó lóṣooṣù fún ọdún kan lè fi bo ohun tí wọn ì bá ti tètè rí nínú ilé ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá lọ sílé ìwòsàn yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò fún oyún, wọ́n á ṣe PCV, wọ́n á sì wo ẹnu ilé ọmọ pẹ̀lú iná. Síkáànì tó ń fi ilé ọmọ hàn dáadáa jù ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tín-ín-rín gba ojú ara ṣe. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ obìnrin láti gbà á, ṣùgbọ́n kì í sábà dunni, ó sì ń rí ohun tí síkáànì orí ikùn kò rí. Fún ẹni tó ti pé 45, tàbí ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó sanra púpọ̀ tàbí tó ní àtọ̀gbẹ, ó wọ́pọ̀ kí dókítà ní kí wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú awọ ilé ọmọ jáde, kí lábọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìnira rẹ̀ jọ ti inú rírun nǹkan oṣù, ó sì máa ń tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ń darí ojú sí ẹnu ilé ọmọ. Jẹjẹrẹ ibẹ̀, tí kòkòrò àrùn HPV sábà máa ń fà, ló wọ́pọ̀ tẹ̀ lé ti ọmú láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, tí Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Èkìtì wà nínú ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á, jẹ́ fún ọmọbìnrin ẹni ọdún 9 sí 14. Ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ yìí nílò àyẹ̀wò tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn àyẹ̀wò HPV láti ọdún 30, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 5 sí 10.

Láti Thomas Estate, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ sí Etí-Ọ̀sà sún mọ́ ju ti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá tóbi ń lọ sí Lagos Island Maternity, sí Ayinke House ní LASUTH Ìkẹjà, tàbí sí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Owó ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ètò ìbánigbófò ìlera ti ìpínlẹ̀ náà, Ilera Eko, di dandan fún gbogbo olùgbé Èkó nípa àṣẹ tí gómìnà fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024. Ó yẹ kí ìdílé béèrè ohun tí káàdì wọn ń san kí àìsàn tó dé.

Ìtọ́jú ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá rí. Bó bá jẹ́ pé ẹyin tí kì í jáde nìkan ni, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀, wọ́n lè máa wò ó lásán. Tranexamic acid, tí wọ́n ń mu ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nìkan, lè dín in kù sún mọ́ ìlàjì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ibuprofen ń dín díẹ̀ kù, ó sì ń bá inú rírun jà. Progesterone lè dí àlàfo tí ẹyin tí kò jáde fi sílẹ̀. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni Mirena, ohun kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ tó ń tú họ́mónù jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, láàárín oṣù bíi mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ tó kù kì í tó nǹkan. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen nínú kò yẹ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn yìí sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin wa ní ọjọ́ orí yìí. Bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ abẹ wà: wọ́n lè yọ kókó nìkan, wọ́n lè jó awọ inú ilé ọmọ, wọ́n sì lè yọ ilé ọmọ pátápátá. Obìnrin tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kò pàdánù ìjẹ́-obìnrin rẹ̀, bí ilé ẹyin bá sì ṣẹ́ kù, họ́mónù rẹ̀ á máa wá síbẹ̀.

Àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Amẹ́ríkà ń fi oògùn họ́mónù ránṣẹ́ sí ìyá wọn fún ooru ara. Láti 1975 ni ìwádìí ti fi hàn pé estrogen nìkan, fún ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà, ń mú kí ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ pọ̀ sí i, nítorí kò sí progesterone tó máa dá awọ náà lẹ́kun. Ẹni tó ní ilé ọmọ gbọ́dọ̀ lo méjèèjì pọ̀, dókítà tó ń rí i lójúkojú ló sì yẹ kó yan ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ lẹ́yìn oṣù 12 tí nǹkan oṣù ti dá, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo lórí pátá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan oṣù kọ́ ni. Àkójọ ìwádìí 129 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 rí i pé nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí ló ní jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún tó ní jẹjẹrẹ náà, bí 90 ni ẹ̀jẹ̀ ti kọ́kọ́ fi hàn lára wọn. Lára àwọn ìyókù tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí, tí wọ́n pọ̀ jù, awọ tó gbẹ tàbí ẹran kékeré tó hù ló ń fà á. Tẹ́lẹ̀, bí síkáànì bá fi hàn pé awọ ilé ọmọ kò nípọn ju mìlímítà 4 lọ, wọ́n máa ń ní kí obìnrin máa lọ. Kemi Doll ti Yunifásítì Washington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2024 pé láàárín àwọn obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní jẹjẹrẹ yìí ni awọ wọn kò tó ìwọ̀n tí wọ́n ń fura sí. Fáíbírọ́ìdì lè mú kí síkáànì ṣòro láti kà. Fún obìnrin wa, fífa awọ yẹn jáde fún lábọ́ ló dájú ju síkáànì nìkan lọ.

Jẹjẹrẹ ilé ọmọ tí wọ́n bá rí nígbà tí kò tíì jáde kúrò níbẹ̀ ṣeé wò, iṣẹ́ abẹ yíyọ ilé ọmọ sì sábà máa ń tó. Èyí tó bá ti tàn lè nílò ìtànṣán, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Èkó sì ni NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, tó ṣí ní 2019. Bó bá jẹ́ pé awọ tó gbẹ ni, ìpara estrogen tí wọ́n ń fi sí ojú ara ni wọ́n sábà máa ń fún obìnrin náà. Ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì tún padà yọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àyẹ̀wò tuntun ni wọ́n máa ṣe fún un. Èsì ti àkọ́kọ́ kò ká ti èkejì.